Láti Òkè Bọ́lá dé Inú Igbó

Àlejò tó bá ní òun fẹ́ sùn sínú igbó kìjikìji ní Ìbàdàn kò ní láti rìn jìnnà. Bí ó bá wọ mọ́tò ní Òkè Bọ́lá, tó gba Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá, tó já sí Sángo, tó sì dojú kọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ títí ó fi kọjá Òjóò, yóò kan géètì IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Lẹ́yìn géètì yẹn, yàrá àlejò wà, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà, adágún odò wà, igbó tó tó 350 hẹ́kítà náà sì wà. Gò-síló Òjóò nìkan ni ìnira ibẹ̀.

Òǹkọ̀wé yìí ti ń mú àlejò gba ọ̀nà yẹn láti ìgbà tí fóònù alágbèéká kò tíì dé. Òkè Bọ́lá ni wọ́n bí i sí, hòtẹ́ẹ̀lì ìgboro ni ó sì ti kọ́ṣẹ́. Ó gbé ẹrù, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó dúró nídìí káńtà, kó tó di ẹni tó ń mú àwọn tó fẹ́ wo ẹyẹ àti igi wọ inú igbó lọ. Ohun tó rí láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni pé ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ń sá fún gan-an ni àlejò ń sanwó wá wò báyìí.

Kí hòtẹ́ẹ̀lì tó dé Ìbàdàn, iṣẹ́ ìgbàlejò ti wà. Oníṣòwò tó bá ti Ìjẹ̀bú tàbí Ìlọrin wá ní onílé tó máa ń wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Onílé yẹn ló máa fún un níbi tó máa sùn àti ohun tó máa jẹ, òun ló máa mú un mọ oníbàárà, òun náà ló máa dúró fún un bí ọ̀rọ̀ gbèsè bá dá wàhálà sílẹ̀. Wọn kì í ka owó yàrá síra wọn lọ́wọ́ láràárọ̀. Nínú ọjà tí àlejò bá tà ni èrè onílé ti ń jáde. Ní ọ̀nà kan, ìlànà yẹn sàn ju ti òde òní lọ. Onílé mọ àlejò, ó mọ ilé tó ti wá, kò sì lè lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé bí ẹrù bá sọnù, ọwọ́ òun kò sí níbẹ̀.

Rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901, èrò sì pọ̀ sí i. Òkè Bọ́lá, tí kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè, di ibùgbé akọ̀wé, tíṣà àti oníṣòwò. Ibadan Boys' High School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938 wà níbẹ̀, ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà wà níbẹ̀. Kò sí ìgbà tí àlejò kì í wọ àdúgbò náà, ẹni tó bá sì ní yàrá kan tó ṣófo mọ bí yóò ṣe fi pa owó.

Ti àwọn òyìnbó ìjọba yàtọ̀. Rẹ́sì-háòsì ni wọ́n ń wọ̀ sí lẹ́nu ìrìn àjò wọn. Aláàárù ló máa ń ru bẹ́ẹ̀dì, àtùpà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti oúnjẹ inú agolo tẹ̀lé wọn. Sítúọ̀dù àti kúùkù tó ń bá wọn rìn ni wọ́n ṣíwájú àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì tó wà nílẹ̀ yìí lónìí. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn tó tẹ̀lé wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ tábìlì, bí wọ́n ṣe ń na aṣọ bẹ́ẹ̀dì kó má ká, àti bí ènìyàn ṣe ń dúró lẹ́yìn àga àlejò láì dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Hòtẹ́ẹ̀lì ìgboro náà kò kọ́kọ́ gba gbogbo ènìyàn. Ní oṣù kejì ọdún 1947, Ivor Cummings, aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, dé sí Bristol Hotel ní Èkó. Wọ́n ti bá a gba yàrá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n ní kò sí àyè fún un. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde, àwọn olóṣèlú fárígá, Gómìnà Arthur Richards sì pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin ní ibi tí ará ìlú ń lò. Àwọn àgbà tó kọ́ òǹkọ̀wé yìí níṣẹ́ máa ń sọ ìtàn yẹn fún gbogbo ọmọ tuntun tó bá wọ iṣẹ́, kí ó má baà máa fi aṣọ tí àlejò wọ̀ wọ̀n ọ́n kó tó kí i káàbọ̀.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́ Premier Hotel sórí òkè Mọ́kọ́lá, tí wọ́n sì ṣí i ní 1966, ojú iṣẹ́ náà là. Ẹni tó bá dúró lókè yẹn ń wo páànù dídípẹtà Ìbàdàn lọ rẹrẹẹrẹ. Omi ẹ̀rọ, iná, ẹ́ásì àti fèrèsé tó dé pinpin ni hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ń tà nígbà náà. Igbó kò sí nínú ọjà wọn rárá. Ẹ̀fọn àti ejò ni igbó jẹ́ lójú wọn, iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì sì ni láti rí i pé àlejò kò mọ̀ pé ó wà nítòsí.

Òǹkọ̀wé yìí ṣiṣẹ́ lábẹ́ mánẹ́jà kan tó kórìíra ewé. Bí ewé kan bá já bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ariwo ni. Igi àràbà kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná, tí àdán máa ń dorí kodò sí lára. Mánẹ́jà ní kí wọ́n gé e nítorí pé ìgbẹ́ àdán ń ba mọ́tò àwọn àlejò jẹ́. Wọ́n gé e. Ọ̀sán ọdún tó tẹ̀lé e, ilé ìdáná gbóná débi pé kúùkù méjì fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá lọ ra fáànù.

Ìṣòro mìíràn ni ojú tí ará ìlú fi ń wo iṣẹ́ náà. Ibi tí báǹdì háíláìfù ti ń ṣeré ni ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn, ọtí àti ijó sì ni wọ́n fi ń pa owó ju yàrá lọ. Ọmọbìnrin tó bá ní òun ríṣẹ́ níbẹ̀ máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ìyá òǹkọ̀wé yìí pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, “ó wà ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀” ló máa ń sọ.

Àwọn kan ti ń fi igbó pa owó láti ìgbà pípẹ́ ní apá ibòmíràn. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n kọ́ Treetops sórí igi ní 1932, kí àlejò lè jókòó lókè máa wo erin tó wá mu omi nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni Elizabeth, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, wà ní oṣù kejì 1952 nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní Sandringham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí adé fi bọ́ sí i lórí. Ní ọdún kan náà yẹn ni ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, dé ibi omi gbígbóná Ìkógòsí ní ilẹ̀ Èkìtì, àwọn Onítẹ̀bọmi sì wá fi ibẹ̀ ṣe ibùdó àwọn ọ̀dọ́. Títí dòní, abẹ́ igi gíga ni àlejò ti ń sùn ní Ìkógòsí, tí omi gbígbóná àti omi tútù sì ń pàdé ara wọn láì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ti Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó pé òun ń pèsè ibi ìgbafẹ́. Ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà ni IITA gbà fún ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀wà. Oko àti ilẹ̀ àfisílẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n ṣọgbà yí i ká, apá tí wọn kò lò fún ọ̀gbìn bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ìrókò ga, àfàrà ga, arère ga, okùn igbó so wọ́n pọ̀. Ní ìta ọgbà, ilé gba gbogbo ilẹ̀ láti Òjóò títí dé Mọ́níyà. Bí ènìyàn bá wo ibẹ̀ látòkè lónìí, igbó yẹn dúró láàárín páànù bí ewé ẹ̀fọ́ kan tó bọ́ sínú àwo ìrẹsì.

Ẹyẹ kan ló kọ́kọ́ mú àlejò òkèèrè wá béèrè ibẹ̀. Dúdú ni, orí rẹ̀ pupa, ìbátan ẹ̀gà ni. John Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ló fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1958, ó sì fi orúkọ ìlú wa sí i: Malimbus ibadanensis. Ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni ó wà ní gbogbo ayé, ó sì wà nínú ewu ìparun. Àwọn tó ń ka ẹyẹ kiri ayé máa ń bọ́ nínú bàálù ní Èkó, wọn kò ní wo Èkó rárá, Ìbàdàn tààrà ni. Irú ẹyẹ tí wọ́n ti rí nínú igbó IITA lé ní 250.

Àlejò irú èyí yàtọ̀ sí gbogbo àlejò tí òǹkọ̀wé yìí ti ń gbé ẹrù fún. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń béèrè fún tíì. Wọn kì í bínú bí iná bá lọ, àmọ́ inú wọn máa ń ru bí jẹnẹrétọ̀ bá ń pariwo. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù náà ń wá, wọ́n á ní kí wọ́n fi agbe àti àlùkò tí ìyá àgbà ń dárúkọ hàn àwọn. Agbe máa ń jáde bí ẹ bá ní sùúrù. Ọ̀bọ kì í pẹ́ jáde. Ẹni tó bá ń retí kìnnìún ti ṣìnà, ẹ jọ̀wọ́. Kò sí kìnnìún níbẹ̀.

Iṣẹ́ àtọ́jú yàrá tó bá sún mọ́ igbó kì í ṣe ti ìgboro. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ọ̀rinrin máa ń wọ inú bẹ́ẹ̀dì. Bàtà aláwọ tó bá sùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù á hu funfun. Ikán ń jẹ férémù ìlẹ̀kùn láti inú, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì máa dán lóde. Bí wọ́n bá tan iná funfun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, eṣinṣin ikán á kún gbogbo ilẹ̀. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú ló dára níbẹ̀. Ọ̀bọ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣí fèrèsé tí kò ní ìkọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí tábìlì kò sì ní kù. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ ìgbàlejò tó kọ́ òǹkọ̀wé yìí ní èyíkéyìí nínú wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn agbálẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí: ṣé hòtẹ́ẹ̀lì ló ń gba igbó là? Ní Costa Rica, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn onílẹ̀ tó dá igbó sí láti 1997, owó àlejò sì kún un, igbó tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀ padà hu. Ní Gánà, afárá okùn orí igi tí wọ́n so ní Kakum ní 1995 ń mú èrò wá títí dòní. Ti Lekki ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 2015, gùn tó mítà 401. Owó ń wọlé níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, ògiri àti ẹ̀ṣọ́ ló gba igbó là. Hòtẹ́ẹ̀lì kàn wá jókòó tì í ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ibi tí kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí, kó wo Ọgbà Agodi. Ọdún 1967 tí wọ́n dá IITA sílẹ̀ náà ni wọ́n dá a sílẹ̀. Omíyalé odò Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ 1980 gbá àwọn ẹranko ibẹ̀ lọ, ó sì di 2014 kí wọ́n tó tún un ṣí fún ará ìlú. Ibi ìgbafẹ́ tó dùn ni báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe igbó.

Ohun tí òǹkọ̀wé yìí ń bẹ ìjọba Ọ̀yọ́ fún ni pé kí wọ́n fi ọgbà yí ìwọ̀nba igbó tó kù ká ná, kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni wá kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ lọ sùn sínú igbó Ìbàdàn, ẹ bá wọn gba yàrá sílẹ̀ ṣáájú, nítorí pé òpin ọ̀sẹ̀ máa ń kún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀nà inú igbó rọrùn jù. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ tẹ̀lé ẹ̀ṣọ́ igbó kí oòrùn tó yọ, ẹ fún un lówó tó jọjú, kí ẹ sì fi rédíò sílẹ̀ nílé.