Idà Ọlọ́pàá Láti Toledo

Ẹni tí ó bá dé Toledo ní ilẹ̀ Sípéènì, nǹkan bí 70 kìlómítà sí Madrid níhà gúúsù, yóò rí i bí odò Tajo ti yí òkè tí a tẹ ìlú náà dó sí ká níhà mẹ́ta. Ní bèbè odò yìí, lẹ́yìn odi, ni ilé alágbẹ̀dẹ idà ti ọba wà. Ọba Carlos Kẹta ni ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1761; Sabatini, ará Ítálì, ni a sì gbé kíkọ́ ilé tuntun rẹ̀ fún lẹ́yìn náà. Ní 1996 ni iṣẹ́ parí níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ó ń lo ilé náà nísinsin yìí.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà àti ọdún tí a rọ idà ni a máa ń tẹ̀ sára irin, lẹ́bàá èèkù. Irú èyí tí a ṣe fún ọlọ́pàá ẹlẹ́sẹ̀ kò gùn tó ti jagunjagun ẹlẹ́ṣin, nítorí ẹni tí ń rìn ní ìgboro kò ní láti na ọwọ́ láti orí ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni idà gígùn a máa gbá a lẹ́sẹ̀. Ó tẹ̀ díẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ó mú. A gbẹ́ ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó má baà wúwo, a sì tẹ idẹ kan bo ìka ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú. Idẹ náà ń dán yanranyanran. Lójú tèmi, a ṣe é kí ará ìlú lè rí i lókèèrè ju kí ó gbẹ̀jẹ̀ lọ.

Ní 1844 ni a dá ẹ̀ṣọ́ tí à ń pè ní Guardia Civil sílẹ̀, Dúùkù ti Ahumada sì ni ó tò ó. Ìwé ìlànà tí ó fi lé wọn lọ́wọ́ ní 1845 pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ ìyànjú ni kí ó jẹ́ ohun ìjà àkọ́kọ́. Àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá kùnà ni kí wọ́n tó fa èyí tí wọ́n gbé yọ. Ó ní kí ẹni tí ìpọ́njú bá rí ẹ̀ṣọ́ bí àmì ire.

Ní 1851 ni a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní Kúbà pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, wà níbẹ̀ nínú oko ìrèké, oko ẹrú kò sì tán ní erékùṣù náà títí di 1886. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé ẹrú tí ó sá kúrò lóko, tí ó gbúròó ẹsẹ̀ ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lóru, yóò pe ìró náà ní àmì ire.