Onígbọ̀wọ́: Ta Ni Yóò San Án?

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè lónìí pé ta ni onígbọ̀wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé ẹni tí ó ná owó sí ètò orí rédíò ni, tàbí ilé iṣẹ́ tí ó gbé ife-ẹ̀yẹ kalẹ̀ fún ìdíje bọ́ọ̀lù. Wọn kò ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ àtijọ́ lè má ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ẹlòmíràn ni ó gbà sí ọrùn.

Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, mẹ́nu ba onígbọ̀wọ́ níbi tí ó ti ń ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà. Ẹni tí ó yá owó yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n jọ fohùn sí. Iṣẹ́ yìí ni èlé. Ojú owó kò dín títí a ó fi san án pé. Onígbọ̀wọ́ ni ó dúró láàárín wọn. Kò sí ìwé, kò sí òǹtẹ̀. Bí ìwọ̀fà bá sá lọ ńkọ́? Ilé onígbọ̀wọ́ ni olówó yóò gbà lọ.

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ náà. Òun ni wọ́n lò nínú Òwe orí 6, níbi tí a ti ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó dúró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti fún Jésù nínú Hébérù 7:22.

(Àwọn olùdánwò a máa yára túpalẹ̀ rẹ̀ sí 'gbà' àti 'ọwọ́'. Ohùn kò tì wọ́n lẹ́yìn. 'Gbà' àti 'owó' di 'gbowó', ohùn àárín. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ti 'gbọ̀wọ́'. Ìlò ni èmi gbójú lé.)

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé irú ọ̀nà yìí kan náà ni 'sponsor' àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọ̀. Nínú òfin Róòmù, ẹni tí ó dúró fún onígbèsè ni. Ìjọ sọ ọ́ di bàbá ìsàmì. Rédíò Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di olùpolówó ọjà.

Ìtumọ̀ àtijọ́ kò tíì kú. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́, ẹni tí yóò yá owó gbọ́dọ̀ mú onígbọ̀wọ́ méjì wá. Mo dúró fún ẹnì kan. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsan án tán, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi fún oṣù méje. Mo mọ ohun tí mo fọwọ́ sí, nítorí náà n kò bá akápò jà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí àwa méjèèjì jọ dúró bú sẹ́kún. Ó ní òun rò pé ẹ̀rí ìwà rere lásán ni.

Láti ọjọ́ náà, nígbàkúùgbà tí mo bá ń kọ́ni ní ìyípadà ìtumọ̀, gbólóhùn méjì ni mo ń kọ sí ojú pátákó: 'Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni onígbọ̀wọ́ ìdíje náà', 'Àlàbí ni onígbọ̀wọ́ Àjàní'. Mo sì ń bi wọ́n pé nínú èwo ni ẹnì kan ti lè ta ewúrẹ́ rẹ̀.