Ohun tí Ń Bẹ Lábẹ́ Ilẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ lè jẹ́ àpótí tí àwọn ará ìgbàanì kó ọrọ̀ wọn sí. Ẹ̀rọ kan wà tí a fi ń wá irin, idẹ, fàdákà àti wúrà lábẹ́ ilẹ̀. Bí a bá gbé e kọjá níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, yóò dún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló fi iṣẹ́ yìí ṣe ìgbafẹ́. Ìgbafẹ́ náà kò burú. Ìwà ẹni tó gbé ẹ̀rọ dání ni yóò sọ ọ́ di rere tàbí búburú.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992, àgbẹ̀ kan ní abúlé Hoxne, ní agbègbè Suffolk, wá òòlù rẹ̀ tì nínú oko. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Eric Lawes, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ títọ́jú ọgbà, pé kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ bá òun wá a. Òòlù ni Lawes ń wá. Owó wúrà àti fàdákà ló kàn. Ó kó díẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé nǹkan náà pọ̀, ó dáwọ́ dúró. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá àti ìgbìmọ̀ ìjọba àgbègbè tó ni ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn awalẹ̀pìtàn dé, wọ́n sì rọra hú ìyókù. Owó ẹyọ 14,865 ni wọ́n kà, pẹ̀lú ohun ọ̀ṣọ́ wúrà àti ṣíbí fàdákà, tí a ti rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọdún 407, nígbà tí agbára Róòmù ń dópin níbẹ̀. Nítorí pé Lawes kò tú gbogbo rẹ̀ ká, ó ṣeé ṣe láti mọ̀ pé inú àpótí igi ni wọ́n kó o sí, àti bí wọ́n ṣe tò ó. £1,750,000 ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ó sì pín in pẹ̀lú àgbẹ̀ náà. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú: ó wà ní British Museum.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni ìyọ̀ǹda. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Ẹni tó fẹ́ wá nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé ṣe àdéhùn lórí bí wọn yóò ṣe pín ohun tí wọ́n bá rí. Ní àwọn ibi àtijọ́ tí ìjọba dáàbò bò, òfin ọdún 1979 ka lílo ẹ̀rọ náà láìgba àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Èkejì ni ìtọ́jú oko. Kí ihò kéré, kí a sì dí i padà dáadáa, kí màlúù má baà ṣẹ́sẹ̀ nínú rẹ̀. Kí a má tẹ irè oko, kí a ti ilẹ̀kùn ọgbà tí a bá ṣí, kí a sì kó pàǹtí irin tí a bá hú lọ.

Ẹ̀kẹta ni sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ohun tí a rí bá jìn ju ibi tí ohun ìtúlẹ̀ ń dé lọ, tàbí tó bá pọ̀, iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ló kù. Owó ẹyọ láìsí ibi tí a ti rí i dà bí ẹlẹ́rìí tó yadi.

Ẹ̀kẹrin ni ìkéde. Òfin ọdún 1996 pàṣẹ pé kí ẹni tó bá rí ìṣúra fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 14. Láti ọdún 1997 ni ètò kan sì ti wà tí ń kọ àwọn ohun mìíràn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ti kọ lé ní mílíọ̀nù kan.

Ní ọdún 2015, ọkùnrin méjì hú owó fàdákà ìgbà àwọn Viking nítòsí Leominster, wọ́n sì fi í pamọ́. Nǹkan bí 300 ni wọ́n gbà pé owó náà tó. 31 péré ni wọ́n rí gbà padà kí ilé ẹjọ́ tó dá wọn lẹ́bi ní ọdún 2019. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n bá dé. Ìtàn tí owó tó sọnù náà ìbá sọ kò sì ṣeé rà padà.

Ọ̀ràn yìí kan Yorùbá pẹ̀lú. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ nílé Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ olókìkí. Kò sí awalẹ̀pìtàn níbẹ̀. Orí méjì dé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó padà wálé ní ọdún 1950; ọ̀kan ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹwà wọn kò dín kù, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tí a fi wọ́n ṣe, nítorí pé ilẹ̀ tó yí wọn ká kò rí ẹni gba ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ilẹ̀ tọ́jú fún ẹgbẹ̀rún ọdún, kò yẹ kí ọwọ́ ìkánjú fi wákàtí kan bà á jẹ́. Èrè orí ìṣúra lè jẹ́ ti ẹni tó rí i àti ti onílẹ̀; ìtàn inú rẹ̀, ti gbogbo ayé ni.