Ibà Lọ, Ó Ku Etí

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni ó ti bi mí léèrè ìdí rẹ̀ tí n kì í fi í kúrò ní àga iwájú, ní ọwọ́ ọ̀tún kíláàsì. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ béèrè. Wọ́n ti pinnu pé agbéraga ni mí, nítorí pé wọ́n kí mi láti ẹ̀yìn, n kò sì dáhùn. Ní àárín àwa Yorùbá, ẹni tí a kí tí kò dáhùn kò ní ẹ̀kọ́ ilé, nítorí náà n kò bínú sí wọn. Etí ọ̀tún mi ni kò gbọ́ràn mọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, kí n tó wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ibà mú mi ní ilé wa ní Ọ̀wọ̀. A rò pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni. Mo lo oògùn rẹ̀ títí, kò ràn án. Ọ̀fun ń dùn mí, mo sì ń bì. Ní ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ni wọ́n rí i pé ibà Lassa ni. Wọ́n fi mí sí iyàrá ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń fi oògùn tí a ń pè ní ribavirin sí inú iṣan mi fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ìyá mi kò lè wọlé. Ojú fèrèsé ni ó ti ń wò mí.

Ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno ni ó ni orúkọ náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀ ní 1969. Eku ni ó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ a máa ba oúnjẹ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti Sierra Leone, Liberia àti Guinea wá kò ṣe àjèjì sí i.

Ara mi ti ń yá, mo ti ń jẹun, kí etí mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi inú ìkòkò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ti ọ̀tún dákẹ́ pátápátá. Ti òsì kò sì mú bí ti àtijọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí ó bọ́ lọ́wọ́ ibà yìí ni etí ń di, àti pé ìdajì wọn a tún máa gbọ́ díẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta. Mo ka oṣù mẹ́ta náà lọ́jọ́ lọ́jọ́, mo sì kà á kọjá. Ẹni tí ibà rẹ̀ kò le rárá pàápàá lè di adití.

Àárẹ̀ àti òòyì tí ó tẹ̀lé e ti ń dínkù. Ti etí ni ó ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ariwo bá wà, mo ń gbọ́ bí ohùn ti ń lọ sókè tí ó sì ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wí pé “sọ ọ́”, “fọ ọ́” ni mo lè gbọ́. Ó dàbí ẹni pé dùndún ni gbogbo ènìyàn ń lù sí mi, tí mo sì ní láti máa mọ ìtumọ̀ rẹ̀ fúnra mi.

Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe kọ́ ọmọdé? Ní ìkọ́ni mi àkọ́kọ́, mo ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn dìde, èmi a sì rìn lọ bá a. Ó ń jẹ àkókò púpọ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan ti mọ àṣírí náà ní ọjọ́ kejì, láìsí pé mo sọ fún un: apá òsì mi ni ó máa ń wá dúró sí kí ó tó sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà kan tí ó mọ iṣẹ́ yìí gbà mí ní ìmọ̀ràn, pẹ̀lú inú rere, pé kí n wá iṣẹ́ akọ̀wé ṣe. N kò tíì dá a lóhùn. Ìkọ́ni mi kejì kù sí ẹ̀yìn ìsinmi, wọ́n sì ti fún mi ní kíláàsì karùn-ún, ọmọ mẹ́rìnlélógójì, ní iyàrá tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù, ní àkókò òjò.