Ọ̀nà Iléṣà àti Ọ́ìlì Tí Ń Jò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òwe yìí kò kúrò lọ́kàn mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbéra láti Ìbàdàn lọ kí ìyá ọkọ mi ní Iléṣà. Ọkọ mi kò sí nílé. Iṣẹ́ ti gbé e lọ sí Àbújá. Èmi nìkan ni mo wa ọkọ̀, ìṣòro kan sì wà lọ́kàn mi tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀.

Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ wa, ó rí ọ́ìlì tí ó ń kán sílẹ̀, ó sì mi orí. Ó ní ọ́ìlì síìlì tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ti jẹ, a ó sì ní láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí ọwọ́ tó lè tó o. Iye owó iṣẹ́ náà jẹ́ ₦220,000. Ẹ̀yin ìyá ilé, iye tí ó wà lọ́wọ́ mi fún owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa méjèèjì nìyẹn gan-an. Bí mo bá san án fún ọkọ̀, àwọn ọmọ yóò jókòó sílé. Bí n kò bá sì san án, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wa lójú ọ̀nà?

Ọ̀nà Iléṣà dùn ún rìn ní òwúrọ̀. Bí a ti kúrò ní Ìwó Róòdù tí a sì kọjá Ẹ̀gbẹ́dá, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, igbó àti oko sì ń pọ̀ sí i títí a fi dé Aṣéjíre. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sé Odò Ọ̀ṣun tí ó fi di adágún ńlá, láti inú rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ tí a ń lò ní Ìbàdàn ti ń wá. Àwọn obìnrin tí ń ta ẹja dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n na ẹja sókè kí àwọn èrò ọkọ̀ lè rí i. Níbẹ̀ ni ọmọ mi ti fi ọwọ́ bo imú, tí ó ní, “Mọ́mì, kí ni ó ń jó?”

Òórùn náà dà bí ti epo tí a gbé ka iná tí a sì gbàgbé. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì jẹ́ kí ó tutù dáadáa. Mo fa géèjì ọ́ìlì yọ, mo fi àkísà nù ún, mo tì í padà, mo sì tún fà á yọ wò. Ọ́ìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àmì ìsàlẹ̀. Mo da èyí tí mo fi pamọ́ sí búùtù sí i, a sì rọra wa ọkọ̀ dé Ìkirè. Iná pupa tí ń sọ nípa ọ́ìlì kò tàn níwájú mi. Bí ó bá ṣe pé ó tàn ni, ǹ bá má tún gbé ọkọ̀ náà rìn rárá. Ẹni tí yóò fà wá ni ǹ bá wá.

Ta ni kò mọ dòdò Ìkirè nínú wa? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ì bá kó dànù, ni àwọn obìnrin ìlú náà ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n sì ń fi epo pupa dín títí yóò fi dúdú. Bàbá kan tí ń tún ọkọ̀ ṣe wà lábẹ́ igi kan, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ro ẹjọ́ mi fún un.

Bàbá náà kò fọwọ́ kan sípánà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ gbogbo ọ́ìlì tí ó ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó nù ún gbẹ, ó tẹ́ páálí sí abẹ́ ọkọ̀, ó sì ní kí n tan án sílẹ̀. Èmi àti ọmọ mi lọ ra dòdò. Lẹ́yìn bí ààbọ̀ wákàtí, ó pè mí.

“Ẹ wá wò ó, ìyá wa,” ni ó wí. “Ojú méjì ni ọ́ìlì yìí ti ń jò. Ti òkè yìí, gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó ti gbẹ, ọ́ìlì sì ń ṣàn lọ sórí páìpù tí èéfín ń gbà jáde. Páìpù náà gbóná. Òun ni ẹ ń gbóòórùn, òun náà ni ó sì lè dá iná sílẹ̀. Ti ẹ̀yìn yìí, lóòótọ́ ni síìlì ń jò, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ó ṣì lè ní sùúrù bí ẹ bá ń ṣọ́ ọ.”

₦18,000 ni ti òkè. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo wá rí i pé àṣìṣe mi ni pé iye owó ni mo fi ń wọn ewu. Èyí tí ó wọ́n ni mo ń bẹ̀rù. Èyí tí kò wọ́n ni ó fẹ́ pa wá lára. Àwọn obìnrin Ìkirè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù àti èyí tí ó ti rà. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá.

A gba Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀ kọjá, a sì dé Iléṣà láyọ̀. Nígbà tí a jẹun tán, mo sọ ohun gbogbo fún ìyá ọkọ mi. Ọmọ òṣómàáló ni ìyá yìí. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyàwó mi, bàbá mi kì í gba owó aṣọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá dá kì í yẹ̀. Bí o kò bá lè san owó ọkọ̀ yìí lónìí, dá ọjọ́ fún un.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Mo bẹ̀rẹ̀ àjọ ₦45,000 lóṣooṣù, mo sì ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì sì tutù, mo ń wo géèjì, mo sì ń kọ iye ọ́ìlì tí mo fi kún un sílẹ̀. Ní oṣù kìíní, ìdá mẹ́rin lítà kan ni ọkọ̀ náà jò nínú bí 1,000 kìlómítà. Bí lítà ọ́ìlì kan ti jẹ́ ₦6,000, ₦1,500 péré nìyẹn. Ní oṣù kẹfà, ó ti di odidi lítà kan. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, bí mo ti ń gun òkè Mọ́kọ́lá, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò sì yára. Ọ́ìlì ti dé ara díìsì kílọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ tí mo dá ti pé nìyẹn. ₦270,000 ni mo kó nínú àjọ. Mo san ₦220,000 náà, mo sì fi ₦45,000 ra díìsì tuntun, nítorí pé ibi kan náà ni ọwọ́ yóò dé nígbà tí gíábọ́ọ̀sì bá ti sọ̀, a kò sì ní san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi síìlì àtijọ́ náà hàn mí. Òrùka rọ́bà kan ni, kò tóbi ju ẹ̀gbà ọwọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò tó ₦12,000. Iṣẹ́ títú àti títò ni ó jẹ ìyókù owó náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyàwó, bí wọ́n bá dá irú owó bẹ́ẹ̀ lé yín, ẹ má ṣe sáré san án, ẹ má sì ṣe fi etí palàbà rẹ̀. Èkínní, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì náà kí wọ́n tó sọ ibi tí ó ti ń jò, nítorí pé ọ́ìlì a máa ṣàn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Èkejì, ẹ béèrè ibi tí ọ́ìlì ń kán sí. Bí ó bá jẹ́ orí páìpù gbígbóná ni, kò sí ìdúró. Ẹ̀kẹta, ẹ wọn iye tí ó ń jò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè èwo ni owó ọjà, èwo sì ni owó iṣẹ́. Bí ó bá ṣeé dá ọjọ́ fún, ẹ dá a, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó yẹ̀.

Nígbà tí a tún lọ sí Iléṣà, òórùn ẹja nìkan ni a gbọ́ ní Aṣéjíre. ₦5,000 tí ó ṣẹ́kù nínú àjọ náà ni mo fi ra dòdò Ìkirè lọ fún ìyá ọkọ mi.