Ohun Tí Abẹ̀bẹ̀ Kò Lè Fẹnu Sọ

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ọ̀ràn kan fún yín lónìí.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ń sin ẹja kan nínú táńkì dígí ńlá nílé wa ní Lọ́ńdọ̀n. Stingray ni wọ́n ń pe irú ẹja náà. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gún olóró sì wà ní ìrù rẹ̀. Àwọn odò Brazil ni ìran rẹ̀ ti wá, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ìyá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé ń bọ Ọ̀ṣun títí dòní. Nítorí pé ó rí róbótó, Abẹ̀bẹ̀ ni ọmọ náà sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ó sáré wá bá mi: "Dádì, Abẹ̀bẹ̀ ò jẹun o!" Mo lọ wò ó. Edé tí a jù sí i wà níbẹ̀. Etí ara rẹ̀ ti ká sókè bí ewé tí oòrùn pa. Ihò méjì tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, tó fi ń fa omi láti mí, ń ṣí, ó ń pa dé, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè. Àwọn tó ń sin ẹja yìí mọ̀ pé bí etí ara rẹ̀ bá ti ká báyìí, kò jìnnà sí ikú mọ́. Inú bí mi. Mo jágbe mọ́ ọmọ náà lójú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, pé fóònù nìkan ló mọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò fèsì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan sọ lórí fóònù pé ọwọ́ ayé ni, kí n tètè da obì. Ẹni tó ń ta ẹja ní kí n ra oògùn kan, kí n dà á sómi. Mo ti mú obì lọ́wọ́ kí n tó rántí bàbá mi. Babaláwo ni wọ́n, oníṣègùn sì ni wọ́n. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn wá, wọn á wo ojú rẹ̀, wọn á wo ahọ́n rẹ̀, wọn á bi í pé kí ló jẹ, kí ló yí padà nínú ilé, kí wọ́n tó nawọ́ sí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tí ojú lè rí, ká má fi da Ọ̀rúnmìlà láàmú.

Mo gbé obì sílẹ̀. Mo ka ara ìgò oògùn náà: bàbà wà nínú rẹ̀. Májèlé sì ni bàbà fún irú ẹja yìí! Mo gbé ìyẹn náà sílẹ̀.

Èmi àti ọmọ jọ yẹ omi wò. Tẹmómítà ní 27, ìyẹn dára. A bu omi sínú ìgò kékeré, a kán oògùn àyẹ̀wò ammonia sí i. Bí omi bá dára, àwọ̀ ìyeyè ló yẹ kó ní. Tiwa di àwọ̀ ewé. Ammonia yìí, láti ara ẹja fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde, ó sì ń jó o níbi tó fi ń mí. Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú kànrìnkàn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ló máa ń sọ ọ́ di nitrite, tí òmíràn á sì sọ ìyẹn di nitrate, tí oró rẹ̀ kéré.

Ọmọ mi wá rọra bi mí pé: "Dádì, ta ló fọ kànrìnkàn ẹ̀rọ?"

Ẹnu mi wọhò. Èmi ni. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, mo rí i pé ó dọ̀tí, mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi ẹ̀rọ títí ó fi mọ́ tónítóní. Chlorine tí wọ́n ń fi sómi kí àrùn má bàa mú wa ló pa àwọn kòkòrò rere náà. Omi táńkì fúnra rẹ̀ ló yẹ kéèyàn fi ṣàn án díẹ̀. Ẹ wo ọ̀tá tí ǹ bá máa wá kiri!

Mo pe gbogbo ilé jọ. Mo ní, "Lójú yín ni mo ti bú u, lójú yín náà ni màá ti bẹ̀ ẹ́. Má bínú, ọmọ mi." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀: "Dádì, ẹ ò kúkú mọ̀ ni." Èyí dùn mí ju èébú lọ.

Ojoojúmọ́ la wá ń pààrọ̀ ìdajì omi, pẹ̀lú omi tí a ti pa chlorine inú rẹ̀, tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ bíi ti táńkì. A ò fún un lóúnjẹ, kí ìdọ̀tí má bàa pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ karùn-ún, etí ara rẹ̀ tẹ́ padà. Lọ́jọ́ keje, ó gba edé. Àpá kan ṣì wà létí ara rẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Alẹ́ ọjọ́ tó jẹun ni mo tó da obì, ti ọpẹ́ ni. Obì yàn.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, bí nǹkan bá dàrú nílé, ká tó wo ọwọ́ ayé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara wa. Ìwà lẹ̀sìn. Kí Ọ̀ṣun bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Àṣẹ o.