Alùpùpù Tí Kò Tíì Kú

Ẹni tí yóò ra ohun tó bàjẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti bàjẹ́. Opó olùkọ́ kan ládùúgbò wa fẹ́ ta alùpùpù ọkọ rẹ̀, Honda CG125, tí kò ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Ọdún 1976 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ṣe é kí àtúnṣe rẹ̀ lè rọrùn. Èyí ló fa ọkàn mi sí i.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo rọra tẹ kíìkì mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì yí. Bí písítìnì bá ti lẹ̀ ni, kò ní yí. Epo tó pẹ́ ti dí kabúrétọ̀. Ìyẹn ṣeé fọ̀. Ìpata ti lu táńkì. A ó pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì àti táyà méjèèjì.

Ẹni tó ń ra irin àlòkù ti díye lé e bí irin lásán. Bí mo bá dákẹ́, owó pọ́ọ́kú ni n ó fi rà á. Bẹ́ẹ̀, owó ìdánwò ọmọ ni ìyá náà ń wá. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi kò fẹ́ ra èké.

Mo ní, "Màmá, ẹ́ńjìnnì yìí kò tíì kú." Wọ́n fowó lé e. Mo ṣírò owó àtúnṣe mọ́ ọn. Kò tó iye èyí tó ń ṣiṣẹ́. Mo gbà láti rà á, bí ẹbí bá fọwọ́ sí i, tí ìwé rẹ̀ sì kúrò lórúkọ olóògbé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí àánú má ṣe bá wa díye lé ọjà, kí ojúkòkòrò náà má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nípa ọjà, kí ẹni tó ni ín náà mọ̀ ọ́n.